Ẹni Tí Kò Dé Abidjan Rí

Ní Alabar, àdúgbò kan ní Kumasi, gbogbo ènìyàn ló gbà pé Abidjan ni àrùn éèdì ti wá. Nítorí náà, ìbéèrè tí wọ́n ń bi ọkọ ìyàwó ni: "Ṣé o ti dé Abidjan rí?" Alfa Sùlèímọ̀n bi Bákàrè, tó fẹ́ fẹ́ ọmọ rẹ̀ Sàbírátù. Bákàrè búra pé òun kò kọjá ibodè rí. Ó parí. Yìgì di Jímọ̀.

Ṣùgbọ́n Sànúsí, ẹ̀gbọ́n Sàbírátù, kò lè jókòó. Ọdún 1992 ni, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde yunifásítì, ó sì ń sìnlú ní ọ́fíìsì ìlera. Ohun tó bá ta kókó ló máa ń dùn mọ́ ọn. Ó lẹ àwòrán ilẹ̀ Ghana mọ́ ògiri yàrá rẹ̀, ó ń fi bírò sàmì síbi tí éèdì bá ti yọjú, ọdún kan, àwọ̀ kan. Ìlú àwọn tó ti Abidjan dé ló kọ́kọ́ gba àmì. Lẹ́yìn náà ni àmì bẹ̀rẹ̀ sí í tọ ojú títì, láti ibùdókọ̀ dé ibùdókọ̀. Ti ọdún yìí kò tọ ọ̀nà kankan mọ́. Àárín Kumasi gan-an ló kún sí, ilé àwọn tí kò rìnrìn-àjò rí.

Ó wọlé tọ baba rẹ̀, ó jáde, ó tún wọlé.

"Sànúsí, ṣé ìjàlọ wà nínú ṣòkòtò ẹ ni?"

"Baba, ìbéèrè yín ti gbó. Àrùn yìí ti wọ ilé, ẹ ṣì ń ṣọ́ ọ ní ibodè. Ẹ ní kí Bákàrè lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò."

"Kí n sọ fún ọmọ ọlọ́mọ pé mo fura sí i? Wallahi, o fẹ́ dójú tì mí!"

Sàbírátù ti ń gbọ́ wọn lẹ́nu ọ̀nà. Kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Ó kọrí sí Suame Magazine, níbi tí Bákàrè ti ń tún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ṣe. Sànúsí sáré tẹ̀lé e.

"Bákàrè, èmi pẹ̀lú ẹ la ó jọ lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò lónìí," ni Sàbírátù wí. "Bí o bá kọ̀, kò sí yìgì."

Bákàrè nu epo ọwọ́ rẹ̀, ó wo Sànúsí.

"Ei! Ẹ̀gbọ́n, iṣẹ́ ọwọ́ yín nìyí." Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kò pẹ́. "Mo gbà. Àmọ́ ẹ̀yin ńkọ́? Akosua, ọmọbìnrin tí ẹ ń lọ kí ní Dichemso, ṣé àdúrà lẹ jọ ń ṣe?"

Àwọn tó wà nítòsí bú sẹ́rìn-ín. Gbogbo ilé onílé ni Sànúsí ti sàmì sí, kò ronú kan tirẹ̀ rí.

Sàbírátù ti dá ọkọ̀ èrò dúró.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wọlé jàre."

Ó wọlé. Títí wọ́n fi dé ọsibítù, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò dúró sójú kan.