Ẹni Tó Pọntí Ló Ń Kọ́kọ́ Mu

Àwọn ọ̀rẹ́ ọkọ mi fẹ́ wá pọn ọtí nílé wa. Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ nìyẹn, tẹ̀rín-tẹ̀rín, bí ẹni tó ní òun fẹ́ wá yá ọmọ odó. Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ni. Mo ń bó ẹ̀gúsí lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnì, àyà mi sì já débi pé èèpo ni mò ń dà sínú abọ́, tí mò ń da ẹ̀gúsí sílẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá mọ ohun tí mo mọ̀, ẹ̀rù á ba ẹ̀yin náà. Lọ́dún tó kọjá, Àkàngbé ọkọ mi bi ẹ̀jẹ̀ sínú bàsíà tá a fi ń fọ aṣọ. Dókítà pe àwa méjèèjì jókòó, ó ní ọtí ti jẹ ẹ̀dọ̀ rẹ̀, ibi tó ṣẹ́ kù níbẹ̀ kò tó nǹkan. Ó ní bó bá tún fi ẹnu kan ọtí, kí n máa múra opó sílẹ̀. Kò fi ṣàwàdà. Láti ìgbà yẹn, omi àti tíì ni Àkàngbé ń mu. Àmọ́ ojú ń tì í. Ó ní kí n búra pé mi ò ní sọ fún ẹnì kankan, mo sì búra. Ó sọ fáwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé ọgbẹ́ inú ni, wọ́n sì gbà á gbọ́, torí ta ni ò mọ̀ pé káfíńtà tó ń ṣiṣẹ́ ní Àgùdà kì í rí oúnjẹ jẹ lásìkò?

Ẹni tí ejò bá bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Bí wọ́n bá polówó bíà lórí tẹlifíṣọ̀n, mo máa ń pa á. Bó bá pẹ́ kó tó dé láti ṣọ́ọ̀bù, màá gbọ́ òórùn ẹ̀wù rẹ̀ kí n tó kí i káàbọ̀. Àwọn ará ilé ń pè mí ní sójà. Kí wọ́n máa pè mí bẹ́ẹ̀ lọ. Ó sàn kí n jẹ́ sójà ju kí n di opó lọ.

Àlejò méjì ló wá. Níyì, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti ilé ìwé, ń tún fóònù ṣe ní Ojú Ẹlẹ́gbà. Ohùn rẹ̀ máa ń ṣáájú rẹ̀ gun àtẹ̀gùn ni. Moyọ̀sọ́lá, tó dà bí àbúrò sí wa, ń se oúnjẹ fáwọn òṣèré ní Iganmu. Mi ò lè kórìíra wọn. Nígbà tí Àkàngbé wà lọ́sibítù, Níyì ló ń gbé Aneesah ọmọ wa lọ síléèwé. Inú wọn mọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tínú rẹ̀ mọ́ lè pààyàn bíi ti ọ̀tá; ohun tó fi yàtọ̀ ò ju pé á sunkún níbi òkú.

"Guy, ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ ni o," Níyì wí, ó na ẹsẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì wa. "Ọtí àgbàdo gidi. Gbogbo wa á jọ pọn ọ́n, ọjọ́ kan ṣoṣo, ká gbafẹ́. Ẹ ní kànga, ẹ ní àyè lẹ́yìnkùlé. Èmi á gbé ìkòkò ńlá wá. Moyọ̀ á ra àgbàdo. Ìwọ lo mọ iṣẹ́ yẹn. Saturday tó ń bọ̀, no story."

Mo ń retí kí ọkọ mi sọ pé rárá.

"Saturday tó ń bọ̀ ti yá jù," ó wí. "Ẹ máa rẹ ẹ́ sómi ná, kẹ́ ẹ wá fi ewé bò ó títí á fi hù. Ẹ ṣì máa sá a sóòrùn kẹ́ ẹ tó lọ̀ ọ́. Ẹ jẹ́ kó di ti ọ̀sẹ̀ kejì."

Ohùn rẹ̀ ló dẹ́rù bà mí. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ kó sọ̀rọ̀ tìdùnnú-tìdùnnú bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn. Ìyá rẹ̀ àgbà ní Iléṣà ló kọ́ ọ ní ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ pípọn, ó sì mọ́ ọn lọ́wọ́ ju ayùn lọ.

Mo pariwo láti ẹnu ọ̀nà kíṣìnì. "Ọgbẹ́ inú ńkọ́?"

"Àǹtí Saidat, ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ kì í ṣe ọtí jàre," Moyọ̀sọ́lá dáhùn. "Àgbàdo ni. Ó tiẹ̀ máa ń tu inú lára ni." Ló bá gbé kẹ́ẹ̀gì kékeré kan jáde látinú báàgì rẹ̀, ó gbé e ka orí tábìlì. "Ẹ̀gbọ́n, mo ti dán an wò fúnra mi. Fóònù ni mo wò tí mo fi ṣe é. Ó kan jù. Ẹ bá mi tọ́ ọ wò, kẹ́ ẹ sọ ohun tí mo ṣì ṣe, ká má lọ ba ti gbogbo wa jẹ́."

Ó ṣí i. Òórùn rẹ̀ kún pálọ̀ wa, ó dé ọ̀dọ̀ mi.

Mo gbọ́dọ̀ sọ èyí kó yé yín. Nílé ìyá àgbà yẹn, ẹnu ni wọ́n fi ń pọntí. Wọ́n á tọ́ ọ wò bí wọ́n bá sè é, wọ́n á tọ́ ọ wò bí wọ́n bá sẹ́ ẹ, wọ́n á tún tọ́ ọ wò kí wọ́n lè mọ̀ bóyá ó ti tó mu. Lọ́jọ́ tó bá sì tó, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gba ife kan àyàfi bí ẹni tó pọn ọ́n bá kọ́kọ́ dìde lójú gbogbo èèyàn, kó mu tirẹ̀ tán. Ẹni tí ò bá lè mu ọtí tó pọn, kí ló fi sí i? Ìgbà tí Àkàngbé ń fẹ́ mi sọ́nà ló ti sọ ọ́ fún mi, ẹnu rẹ̀ ń dùn. Bó bá pọn ọtí yìí, á mu ún. Kò sí ọ̀nà míì.

"Ẹni tó pọntí ló ń kọ́kọ́ mu!" Níyì ń pariwo. "Ṣebí ìwọ lo kọ́ wa."

"Ẹ bù ú wá," ọkọ mi wí. Ó ti na ọwọ́ sí kẹ́ẹ̀gì.

Mo dìde, abọ́ ẹ̀gúsí dà nù. "Èmi ni n ó tọ́ ọ wò."

Wọ́n yíjú sí mi. Ọmọ Alùfáà ni mí, láti Ògbómọ̀ṣọ́. Ọtí ò kan ẹnu mi rí láyé.

"Ìyàwó wa!" Níyì bú sẹ́rìn-ín. "Alùfáà á gbọ́ o!"

"Ẹ jẹ́ kó gbọ́. Inú ọkọ mi ò dá, ahọ́n tèmi le. Títí tẹ́ ẹ fi máa pọn ọ́n tán, èmi ni n ó máa tọ́ ọ wò, òun á máa bi mí ní ìbéèrè. Ife àkọ́kọ́ náà, èmi ni n ó mu ún."

Mo rò pé mo ti rí ọgbọ́n ta sí i. Àṣírí ò ní tú, ọkọ mi ò ní kú. Ọlọ́run aláàánú ni, Á forí jì mí. Moyọ̀sọ́lá bù ú sínú ife fún mi. Mo pe orúkọ Rẹ̀ nínú ọkàn mi, mo gbé ife náà mu.

"Ó rí báwo?" Àkàngbé ti sún wá sétí àga.

"Ó kan."

"Kíkan nìkan?"

"Ó kọ́kọ́ dùn díẹ̀. Ìgbà tó yá ló wá kan. Ó ń gbóná."

"Níbo? Ahọ́n àbí ọ̀fun?"

"Ọ̀fun. Ó ń lọ sísàlẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́."

Gògóńgò rẹ̀ lọ sókè, ó padà wálẹ̀, bí ẹni pé òun ló gbé e mì. Mo rí i. Ṣùgbọ́n inú mi ti ń dùn sí ọgbọ́n mi, mi ò fẹ́ ro ohun tí mo rí.

Ó yíjú sí Moyọ̀sọ́lá. "O ò jẹ́ kí àgbàdo yẹn hù dáadáa, o sì gbé e síbi tó gbóná." Wọ́n pàtẹ́wọ́. Wọ́n pín iṣẹ́ láàárín ara wọn, wọ́n fi sí Saturday ọ̀sẹ̀ kejì. Moyọ̀sọ́lá fi kẹ́ẹ̀gì náà sílẹ̀, ó ní kí n máa fi kọ́ ahọ́n mi níṣẹ́. Wọ́n dágbére, wọ́n sọ̀ kalẹ̀.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa ẹ̀gúsí nílẹ̀.

"Ìyá Aneesah," ọkọ mi pè mí. "Tún un sọ."

"Kí ni?"

"Bó ṣe rí lọ́fun."

Mo rẹ́rìn-ín, mo tún un sọ. Ó dìde, ó wá kúnlẹ̀ tì mí láàárín èèpo ẹ̀gúsí. "Tún un sọ. Má kánjú." Mo tún un sọ, ẹ̀rín ti kúrò lẹ́nu mi. Òógùn bo iwájú orí rẹ̀. Ó gbé imú sún mọ́ ẹnu mi, ọkùnrin tí kì í sún mọ́ mi bí mo bá jẹ àlùbọ́sà, ó sì di ojú.

"Yanu," ó wí. "Jọ̀ọ́, Saidat. Mí sí mi lẹ́ẹ̀kan péré."

Gbogbo ìgò tí mo ti lé kúrò nílé yìí, èmi fúnra mi ti wá di ọ̀kan nínú wọn. Mo tì í sẹ́yìn, mo sáré lọ sójú wíńdò. Níyì àti Moyọ̀sọ́lá wà lẹ́nu géètì, wọ́n ń dúró de kẹ̀kẹ́.

"Níyì! Kì í ṣe ọgbẹ́ inú!" Gbogbo àdúgbò gbójú sókè. "Ẹ̀dọ̀ ni! Ọtí ti jẹ ẹ̀dọ̀ rẹ̀! Dókítà ní bó bá tún mu ún, á kú! Ẹ má pọn nǹkan kan o!"

Mo yẹ ìbúra mi, mo sì dójú ti ọkọ mi lójú títì. Ẹ̀rù ohun tó máa fi mí ṣe bà mí bí mo ṣe ń yíjú padà.

Ó ti jókòó sídìí tábìlì. Kẹ́ẹ̀gì wà lórí itan rẹ̀, ìdérí rẹ̀ ti wà nílẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú. Mo wo ẹnu rẹ̀. Ètè rẹ̀ gbẹ. Omi ń dà lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n ètè rẹ̀ gbẹ.

"Gbà á lọ́wọ́ mi," ó wí. "Mi ò lè gbé e sílẹ̀ fúnra mi."

Mo dì í mú, kò jọ̀wọ́ rẹ̀. Ìka rẹ̀ ni mò ń tú lọ́kọ̀ọ̀kan nígbà tí mo gbọ́ ẹsẹ̀ àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, tí wọ́n ń sáré bọ̀.