Ìṣẹ́jú Mọ́kànlá fún Orin Irin Dúdú

Mo fò ó. Gbólóhùn kan péré, mo sì fò ó. Ojú mi ni ó kọ́kọ́ fò ó lórí ìwé, ẹnu mi sì tẹ̀ lé ojú bí ọmọ ewúrẹ́ ti í tẹ̀ lé ìyá rẹ̀. Orin ti bẹ̀rẹ̀ báyìí. Ẹ̀rọ gbohùngbohùn ti kú níwájú mi, iná pupa ti lọ, ìṣẹ́jú méjì ti kọjá nínú mọ́kànlá. Ó ku mẹ́sàn-án kí n tó tún sọ̀rọ̀. Mo lè sọ ọ́ nígbà náà. Mo sì lè má sọ ọ́... Ta ni yóò mọ̀?

Èmi yóò mọ̀.

Gìtá náà ń lọ. Ó dára. Ọlọ́run mọ̀ pé ó dára — ó ń sáré, síbẹ̀ kò kánjú. Ó dúró sójú kan, síbẹ̀ ó ń lọ. Ọ̀sán Sátidé nìyí, nínú ilé-iṣẹ́ rédíò wa kékeré ní Kàbà, èmi Josiah, ẹni tí kì í lè béèrè omi mu ní ilé àna rẹ̀, èmi ni mo jókòó yìí tí mo ń fi orin irin dúdú han àwọn ènìyàn mi. Bíláàkì mẹ́tààlì ni àwọn tí ó ni ín ń pè é. Kàbà ń gbọ́ ọ. Iffe ń gbọ́ ọ. Bí ìgbì wa bá dúró dáadáa lónìí, Iyamoye náà ń gbọ́ ọ. Ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ni èmi nìkan fi gbọ́ ọ, láti ọdún tí mo ṣe agùnbánirọ̀ ní Jos, tí ẹni tí a jọ ń gbé yàrá fún mi ní kásẹ́ẹ̀tì kan nínú ọyẹ́. Ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n nínú ẹ̀rọ etí. Florence ìyàwó mi rò pé ìwàásù ni, nítorí ó ní ojú mi máa ń dà bí ojú ẹni tí ó ń gbàdúrà. Ní ọjọ́ tí wáyà yọ tí orin náà bú jáde nínú yàrá... "Bàbá Bólúwadúró, ta ni wọ́n ń pa níbẹ̀?" Lẹ́yìn náà ni ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. "Láti ọjọ́ tí mo ti ń rìn jẹ́jẹ́ kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, kí n má baà dí ìwàásù lọ́wọ́."

Ọ̀rọ̀ ìṣáájú mi dára. N kò ní fi ìtìjú bo ìyẹn mọ́lẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi kọ ọ́, mo ń kà á sókè ní ẹ̀yìnkùlé kí n lè mọ ibi tí èémí yóò ti tán. Mo ní kí ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbọ́ ọ má ṣe wá ijó nínú rẹ̀. Mo ní ohùn kan yóò ké ní ìṣẹ́jú kẹrin, kí ó má sì ṣe kọ́kọ́ wá ọ̀rọ̀ nínú igbe náà, nítorí ohun èlò ni òun náà, bí ìlù, bí gìtá. Mo ní bí ó ṣe ń dún bí ẹni pé inú garawa ni wọ́n ti gbà á sílẹ̀ yẹn, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni. Rédíò kò bàjẹ́. Monica, ọ̀gá ètò wa, tí mo fi ọdún mẹ́rìnlá jù lọ, ni ó kìlọ̀ fún mi: "Bọ̀dá Josiah, ẹ sọ ti rédíò yẹn lẹ́ẹ̀mejì o, kí wọ́n má lọ gbé tiwọn fún àwọn tó ń tún un ṣe." Mo sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì.

Lẹ́yìn náà ni mo mú wọn dé ìdí òfì. Òfì ìdúró, èyí tí àwọn ìyá wa ń lò. Mo ní òwú òró dúró gbọin. Ọwọ́ ń lọ, ọwọ́ ń bọ̀, igi pẹlẹbẹ ń lu òwú ìbú mọ́lẹ̀, ohun kan náà, ohun kan náà, títí àlejò yóò fi sọ pé kò sí ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀. Kí ó lọ sí oko, kí ó padà dé. Aṣọ ti ga dé àyà rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni orin yìí ṣe ń dàgbà. N kò rí àpèjúwe yẹn nínú ìwé ẹnikẹ́ni. Ẹ̀gbẹ́ ìyá mi ni mo ti kọ́ ọ, nígbà tí mo ń ká òwú fún un.

Gbólóhùn tí ó tẹ̀ lé e ni mo fò.

Ó ṣì wà níwájú mi, ó ń wò mí. *Àwọn kan nínú àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n kọ irú orin yìí ní ilẹ̀ Nọ́wè kórìíra ìjọ Kristi, wọ́n sì dáná sun ilé ìjọsìn.* Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo tún un kọ kí ìró rẹ̀ tó gún. Ọdún méjìlélógún ni mo ti ń túmọ̀ ìròyìn tí mo sì ń kà á nínú ilé yìí, n kò fi gbólóhùn kan sílẹ̀ rí. Ní ọdún tí ẹ̀gbọ́n mi fìdí rẹmi nínú ìbò káńsù, mo ka orúkọ rẹ̀ mọ́ àwọn tí ó fìdí rẹmi, mo ka iye ìbò tí ó ní, mo sì lọ jẹun ní ilé rẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ náà. Èyí tí mo fi ń yangàn nìyẹn. Ohun kan ṣoṣo tí mo fi ń yangàn, tí n kò tilẹ̀ sọ fún ẹnikẹ́ni.

Nítorí ìyá mi ni. Dájúdájú, nítorí ìyá mi ni... Ó ń gbọ́ mi nísinsìnyí ní Ìyàrà, rédíò rẹ̀ wà lórí àpótí òwú. Ìyá tí ó fi orí ru iyanrìn láti odò nígbà tí wọ́n ń kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì wọn, pẹ̀lú oyún mi nínú. Ṣé irú etí bẹ́ẹ̀ ni ó yẹ kí n da iná sí —

Ohùn náà ti wọlé.

Ìṣẹ́jú kẹrin pérépéré. Irun apá mi dìde, bí ó ti máa ń dìde láti Jos wá. Kì í ṣe ohùn tí ó dùn. Bí ó bá dùn, yóò bàjẹ́. Ó fẹ̀ bí ẹni pé igbó ni ó ń jó nínú ọ̀fun ẹnìkan, gìtá kò sì dúró dè é, ìlù kò bojú wẹ̀yìn...

Monica ṣí ilẹ̀kùn díẹ̀. Orí nìkan ni ó yọ sí mi. "Fóònù márùn-ún, Bọ̀dá. Ọ̀kan ní kí a lé yín. Ọ̀kan ní kí ẹ jẹ́ kí òun gbàdúrà fún yín. Àwọn mẹ́ta ń béèrè ibi tí wọ́n ti lè rí i. Wẹ́dà kan ní Iffe ní òun ti pa ẹ̀rọ òun kí òun lè gbọ́ ọ." Wẹ́dà pa ẹ̀rọ rẹ̀. Ní ọjọ́ Sátidé, nígbà tí iná wà. Bí mo bá kú lónìí, kí wọ́n kọ ìyẹn sórí sàárè mi. Mo mọ̀ pé wọ́n ní etí. Mo ti mọ̀ ọ́n láti —

Bí mo bá mọ̀ ọ́n, kí ni mo wá gé oúnjẹ wẹ́wẹ́ fún wọn sí?

Ọkùnrin yẹn pa ẹ̀rọ rẹ̀, mo sì fún un ní ìdajì.

Àmọ́ ìyá mi... Lọ́jọ́ Àìkú tí ó kọjá, mo gbé orin yìí lọ fún un, kí n lè fi etí rẹ̀ wọn etí ìlú. Ó ń hun aṣọ lọ ní tirẹ̀. Nígbà tí ohùn náà dé, ó béèrè: "Kín ni ó wí?" Mo ní: "Ó ní òtútù ń mú òun, Ìyá." Mo fi ojú mi sí ilẹ̀ nígbà tí mo sọ ọ́. Ìyá mi fi eyín já òwú. "Òtútù kì í jẹ́ kí ènìyàn ké báyẹn. Inú ni ó ń bí i. Ta ni ó ń bínú sí?" Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ká òwú fún un. "Josiah. Ṣé Ọlọ́run ni?" Mo ń ká òwú lọ. Ó fa òwú mìíràn. "Ẹni tí inú ń bí sí Ọlọ́run kò tíì kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Jẹ́ kí ó ké e tán."

Mo fi ìyẹn ṣe ọ̀rọ̀ àgbà. Mo gbé e sápò, mo wa ọ̀kadà mi padà sí Kàbà, mo ń rẹ́rìn-ín lọ́nà: ìyá mi kò mọ ohun tí ó ń gbọ́, síbẹ̀ ó sọ ohun tí ó dùn...

Kò mọ̀ ọ́n kẹ̀?

Ó mọ̀. Kò gbọ́ èdè Nọ́wè, kò ka ìwé kankan nípa wọn, ó sì mọ ẹni tí igbe náà dojú kọ. Ó túmọ̀ rẹ̀ fúnra rẹ̀, ní ìdí iṣẹ́ rẹ̀, kí èmi tí a ń sanwó fún tó la ẹnu sọ òótọ́. Irọ́ mi ni kò gbà. Orin náà, ó gbà á.

Ta ni mo wá ń dáàbò bò láti ìgbà yìí?

Iná tí wọ́n dá yẹn kò dára. Orin náà kò wẹ̀ ẹ́ mọ́, n kò sì ní sọ pé ó wẹ̀ ẹ́ mọ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe nítorí iyanrìn tí ìyá mi rù ni mo fi fò ó. Mo fẹ́ kí wọ́n sọ pé, ọmọ wa yìí, ó gbé ohun ẹlẹ́wà wá láti òkèèrè. Mo fẹ́ ìyìn náà láìsí àbùkù lára rẹ̀. Ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ni mo fi orin pa mọ́ fún àwọn ènìyàn mi. Nígbà tí mo gbé e jáde tán, mo tún fi èyí tí ó wúwo jù nínú rẹ̀ pa mọ́. Ìtìjú ni mo ń pè é. Kì í ṣe ìtìjú. Mo rò pé ọrùn wọn kò le tó tèmi láti ru ẹrù náà ni.

Ìṣẹ́jú kan ni ó kù. Ìlù ti dákẹ́. Gìtá kan ṣoṣo ni ó kù nínú etí mi, ó ń tín-ín-rín, ó ń tín-ín-rín... N kò ní yí i sílẹ̀. Kí ó tán fúnra rẹ̀.

Monica gbé ìka mẹ́ta sókè lẹ́yìn gíláàsì. Méjì. Àyà mi ń lù, kò sì burú; ó ń lù ní ìwọ̀n. Ọ̀kan.

Iná pupa tàn. Mo gbọ́ ìdákẹ́jẹ́ gbogbo wọn, láti ibí dé Iyamoye, àwọn ènìyàn mi tí ọrùn wọn le.

Mo kí wọn ní ìkíni ilé wa: "Òkun o, ẹ̀yin ará mi. Ó ku gbólóhùn kan tí n kò kà fún yín."