Àmì Irin Lára Jẹ́lì

Abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ kan kán sínú àtẹ́lẹsẹ̀ ọ̀tún mi lọ́jọ́ Ajé, n kò sì mọ̀ títí di Ọjọ́rú. Ọmọ́ládé ọmọ mi ló rí ẹ̀jẹ̀ lórí símẹ́ńtì. Ó ní, "Bàbá, ta ló ń ṣẹ̀jẹ̀?" Èmi náà bá a wolẹ̀, mò ń wá ẹni náà.

Àtọ̀gbẹ ló pa ẹsẹ̀ yẹn. Ó ti tó ọdún mẹ́rin tí n kò ti mọ ilẹ̀ gbígbóná yàtọ̀ sí tútù. Ẹ̀rọ ìránṣọ ẹlẹ́sẹ̀ ni mò ń tún ṣe ní ọjà Kantamanto, láàárín àwọn tó ń tún aṣọ àlòkù rán. Ẹnikẹ́ni kò kọ́ mi. Mo tú ẹ̀rọ ìyá mi palẹ̀, mo tò ó padà, mo tún un tú, títí ó fi ṣiṣẹ́.

Egbò náà di ihò. Nílé ìwòsàn, dókítà fi rúlà wọ̀n ọ́n: sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta. Ó ní, "Ọ̀gbẹ́ni Abọ́dúnrìn, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Bí kò bá súnkì, a ó gé ẹsẹ̀ náà." Mo gbọ́. Mo bi í bóyá ọjọ́ Ajé ni kí n padà wá tàbí ọjọ́ Ìṣẹ́gun.

Wọ́n ń dán ìwòsàn tuntun kan wò níbẹ̀, jẹ́lì pẹlẹbẹ kan tó dà bí ẹ̀kọ tó dì, àmọ́ tí ojú ń rí òdìkejì rẹ̀. Sísítà Afua, nọ́ọ̀sì tó ń di egbò mi, rí i pé jẹ́lì ni mò ń wò, n kò wo ẹsẹ̀ mi. Ó gé oríṣi méjì fún mi. Mo fa àkọ́kọ́, ó já. Mo fa èkejì títí ó fi gùn ní ìlọ́po mẹ́ta, mo jọ̀wọ́ rẹ̀, ó sì padà sí bó ṣe wà.

Mo fi Twi bi í pé, "Kí ló wà nínú èyí?"

"Amọ̀, Páápá."

"Amọ̀ kẹ̀?"

Ó ní jẹ́lì jẹ́ àwọ̀n tó mu omi yó, àwọ̀n tí ojú kò lè rí. Àwọ̀n lásán kò lágbára. Wọ́n wá da èérún amọ̀ sí i, tó kéré débi pé ẹgbẹ̀rún wọn lè tò sórí ìbú irun kan ṣoṣo. Okùn púpọ̀ so mọ́ èérún kọ̀ọ̀kan, nítorí náà bí èèyàn bá fà á, èérún á pín ìfà náà fún gbogbo okùn. Èérún fàdákà tún wà nínú rẹ̀ tó ń pa kòkòrò egbò. Mo ní kó tún un sọ. Láti ìgbà tí wọ́n ti dárúkọ gígé, ohun kan ṣoṣo tí mo fẹ́ gbọ́ lẹ́ẹ̀mejì nìyẹn.

Ó fi irú èkejì bo egbò náà, ó dì í. Ó ní, "Ẹ má fi ẹsẹ̀ yìí tẹ nǹkan kan o."

Mo ra ọ̀pá. Mo rọra ń rìn. Àmọ́ nínú iṣẹ́ wa, ẹ̀rọ kì í kúrò lọ́wọ́ ẹni tó tún un ṣe láìjẹ́ pé ó bọ́ bàtà, ó sì fúnra rẹ̀ tẹ̀ ẹ́ wò. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni mo fi ń tẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kò dùn mí. Ohun tí kò dunni, èèyàn kì í kà á sí.

Lọ́sẹ̀ kẹrin, rúlà ṣì sọ pé mẹ́ta. Afua gbé jẹ́lì tó ṣí kúrò sókè síbi ìmọ́lẹ̀ fèrèsé.

"Páápá, kí lèyí?"

Ìlà dábùú ara wọn lára rẹ̀, pẹ̀lú àlàfo láàárín. Mo mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀: irin ìtẹ̀sẹ̀ ẹ̀rọ. Bí àwọ̀n náà ti le tó, irin ti fún omi rẹ̀ jáde níbi tó ti kàn án.

Afua kò pariwo. Ó ní, "Ẹran tó ń hù lóru, ẹ̀ ń tẹ̀ ẹ́ pa láàárọ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì ló kù."

Mo padà sí Kantamanto, mo sọ fún Zuweira, ìyá Sultan, tó ń ta aṣọ ọmọdé lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ó ká ọwọ́ méjèèjì lérí.

"Bàbá Ọmọ́ládé, ẹsẹ̀ tí abẹ́rẹ́ wọ̀ tí kò fura fọ́jọ́ méjì, òun lẹ fi ń yẹ ẹ̀rọ wò fáwọn èèyàn?"

"Bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn."

"Mo mọ̀. Kí ni ẹsẹ̀ náà sọ fún yín láàárọ̀ yìí?"

Mo rò ó. Kò sọ nǹkan kan. Láti ọdún mẹ́rin kò sọ nǹkan kan, mo sì ń fi í tẹ ẹ̀rọ lọ.

Zuweira bọ́ bàtà, ó jókòó sídìí ẹ̀rọ tí mo ti parí láàárọ̀. "Mo máa tẹ̀ ẹ́. Bí ẹ bá bú mi, mo dìde."

Ó ń tẹ̀ ẹ́ gbì, gbì.

"Ìyá Sultan, ẹ̀rọ ni, kì í ṣe fùfú lẹ̀ ń gún."

"Ẹ gbọ́ tiyín, jàre."

Mo gbé àtẹ́lẹwọ́ lé orí ẹ̀rọ náà, mo dẹ etí. Lábẹ́ ibi tí bọ́bìnì wà, nǹkan kan ń gbọ̀n fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́. Síkúrù kan ti tú díẹ̀. Mo ti sọ láàárọ̀ pé ẹ̀rọ yẹn dáa. Mo mú ohun tí mo fi ń tú síkúrù, mo dè é. N kò tún fi ẹsẹ̀ kan irin kankan mọ́. Zuweira ń tẹ̀, ó ń ṣépè fún mi, ó tún ń dá àwọn oníbàárà rẹ̀ lóhùn láti orí àga.

Lọ́sẹ̀ kẹfà, dókítà wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì. Méjì, ó dín díẹ̀.

Ó ní, "A ò ní gé e. Ó ń súnkì. Ẹ máa bá jẹ́lì náà lọ."

Afua ń wojú mi. "Inú yín ò dùn ni?"

Mo ní ó dùn. Mo bi í bóyá Ajé ni tàbí Ìṣẹ́gun.

Nínú ọkọ̀ tròtrò, mo pe Zuweira. "Wọn ò ní gé e."

"Alihamudulilai!" Ó pariwo tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tó jókòó tì mí yíjú. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ẹ̀rọ mẹ́ta ń dúró dè yín níbí o. Ẹ yára kí n tó jẹun, mi ò lè fi ikùn kíkún tẹ̀ ẹ́."

Mo ní mo ti dé Tudu, ó ku díẹ̀ kí n dé ọjà.