Imú Dókítà

"Ká apá aṣọ rẹ sókè, kí wọ́n rí i!" ni dókítà tó ni ilé ìwòsàn náà jágbe.

Opó tó ń nu ilẹ̀ ní yàrá ìkókó ká apá aṣọ rẹ̀ sókè. Ẹ́kísímà ti bo ọwọ́ rẹ̀ dé ìgbọ̀nwọ́: awọ ibẹ̀ le, ó sán, ẹ̀jẹ̀ ń yọ níbi tó ti họ ọ́. Àwọn ìyá tí eéwo yọ lára ọmọ wọn sún sẹ́yìn.

"Ẹ wò ó! Ibí ni kòkòrò tó ń ran àwọn ọmọ yín ti ń wá."

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, mi ò fọwọ́ kan ọmọ kankan rí. Omi bílíìṣì yẹn ló ń bó mi lọ́wọ́. Mo bẹ̀ yín títí pé kẹ́ ẹ fún mi ní ìbọ̀wọ́..."

"Ìbọ̀wọ́? Ṣé o fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún ilẹ̀ ni?"

Ọ̀rọ̀ náà kò pani lẹ́rìn-ín rárá, ṣùgbọ́n ẹni tó ń sanwó oṣù ló sọ ọ́, àwọn nọ́ọ̀sì sì rẹ́rìn-ín. Obìnrin láàbù, tó ti fi òwú nu imú àti ọwọ́ opó náà níjẹta fún àyẹ̀wò, kò rẹ́rìn-ín.

"Sà, òótọ́ ni pé mo rí kòkòrò náà lára rẹ̀ àti nínú imú rẹ̀. Awọ tí ẹ́kísímà ti ya, ibùgbé ló jẹ́ fún un. Àmọ́ kòkòrò yìí kan náà ń gbé inú imú ọ̀pọ̀ èèyàn tí ara wọn ń dán. Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tínú ń run. Ẹ jẹ́ kí n yẹ imú gbogbo wa wò, títí kan tiyín."

"Imú tèmi?" Dókítà fi àtàǹpàkò nu imú, bó ti máa ń ṣe tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ pàtàkì. Torí ìwà yìí ni wọ́n ṣe ń pè é ní Fọwọ́numú lẹ́yìn. Ọwọ́ yẹn kan náà ló fi tú aṣọ ìkókó tó sún mọ́ ọn, tó fi tẹ ìdodo rẹ̀ wò. "Ṣé imú dókítà ló ń bí eéwo?" Ó yíjú sí opó náà. "Ìwọ obìnrin yìí, máa lọ sílé."

Kí opó náà tó délé, ìròyìn ti ṣáájú rẹ̀. Ilé oúnjẹ tó ti ń fọ abọ́ nírọ̀lẹ́ ní kó má wá mọ́. Àwọn aládùúgbò ń fa ọmọ wọn sẹ́yìn tó bá ń kọjá. Ká ba obìnrin jẹ́ tán nítorí ìbọ̀wọ́! Ìkà gbáà ni.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni ọmọbìnrin dókítà bímọ sí ilé ìwòsàn náà. Bàbá àgbà tuntun nu imú, ó gba ọmọ-ọmọ rẹ̀ tẹ̀ríntẹ̀rín, ó tẹ ìdodo rẹ̀ wò. Ká tó wí, ká tó fọ̀, eéwo ti yí ìdodo ká, ara ọmọ gbóná janjan.

Obìnrin láàbù dé pẹ̀lú òwú rẹ̀. Kò sí opó níbẹ̀ mọ́ tí wọ́n lè tọ́ka sí.

"Dádì, ẹ gbé imú yín sókè," ni ìyá ọmọ wí.

Èsì dé. Kòkòrò kan náà wà nínú imú rẹ̀, ó pọ̀ rẹpẹtẹ. Ìpara kékeré kan báyìí ni oògùn rẹ̀, inú kọ́bọ́ọ̀dù wọn ló sì ti wà látijọ́. Dókítà fi ń ra ihò imú. Kò sẹ́ni tó ní kó máa lọ sílé, kò sẹ́ni tó ní kó fi imú han àwọn ìyá ọmọ.

"Obìnrin yẹn ńkọ́, Dádì? Ẹ ò ní ránṣẹ́ pè é?"

"Ọ̀rọ̀ yẹn ti kọjá. A ti gba ẹlòmíràn."

Ẹlòmíràn náà wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ń fi ọwọ́ lásán fún aṣọ ìnulẹ̀ nínú omi bílíìṣì. Ó dúró díẹ̀, ó họ ọwọ́, ó tún tì í bọ omi.