Nígbà Tí Mo Gé Mọ́tò Mi Kúrú

Ní ọjọ́ Sátidé, ọjọ́ kẹjọ oṣù kẹta ọdún 2025, ní aago mẹ́wàá àárọ̀, Tìrìmísíyù mẹkáníìkì gé sípíríǹgì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó gbé mọ́tò mi dúró, ní Mushin, mọ́tò náà sì wálẹ̀. Èmi ni mo ní kó gé e. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo fi rò ó kí n tó sọ bẹ́ẹ̀.

Mọ́tò náà kò ní àrùn kankan. Ó kàn ga ni, nítorí ẹni tó tà á fún mi ti fi rọ́bà gbé e sókè torí ọ̀nà àdúgbò rẹ̀. Mi ò kà á sí àbùkù títí di ọjọ́ tí Ayọ̀miídé lanu sọ̀rọ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni Ayọ̀miídé, ó wà lára àwọn tó ń ṣe áàpù fóònù ní ọ́fíìsì wa ní Yaba, níbi tí mo ti ń ṣọ́ sítọ́ọ̀.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú o,” ó ní. “Mọ́tò yín yìí dúró bí ẹni tó ká ṣòkòtò sókè kó má bàa kan ẹrẹ̀.”

Lydia, tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ní kí n lọ ra àkàbà tí màá máa fi gùn ún. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà mo rí òjìji mọ́tò mi nínú gíláàsì báńkì kan, mo sì rí ṣòkòtò náà.

Ohun kan ṣoṣo ló ń dá mi dúró, ìyẹn ni àyè tí mo ń gbé mọ́tò sí nílé. Ayálégbé mẹ́fà ni wá ní ilé wa ní Ìpọ̀nrí, mọ́tò méjì péré ni ọgbà sì gbà. Oṣù kẹrin ọdún 2019 ni mo ra mọ́tò. Títì ni mo ń gbé e sí. Ní ọjọ́ kẹrin oṣù kẹfà ọdún náà, wọ́n yọ jígí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún rẹ̀. Ní ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kọkànlá ọdún 2020, wọ́n gbé bátìrì. Ní ọjọ́ kejì oṣù kejì ọdún 2021, wọ́n padà wá mú jígí òsì. Oṣù kẹfà ọdún 2022 ni Dàda tó ń gbé lókè kó lọ sí Kánádà, tí àyè rẹ̀ sì kàn mí.

Bàbá Àkàngbé, onílé wa, ará Ògbómọ̀ṣọ́, ní òfin kan lórí àyè yẹn: bí mọ́tò kò bá sùn síbẹ̀ fún òru méje léraléra, ó ti bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó kàn. Ẹni tó kàn ni Gertrude, tó ń ta aṣọ ní Tejuoso. Títì ni mọ́tò tirẹ̀ ń sùn, ó fi tapólì bò ó. Bí mọ́tò mi bá wálẹ̀ jù tí kò lè gun ọ̀nà délé mọ́, àyè náà lọ nìyẹn.

Mo fi ọ̀rọ̀ náà lọ Moyọ̀sọ́lá, ìyàwó mi.

“Bàbá Ọlọ́runfúnmi,” ó ní, “ṣé ẹ fẹ́ máa wà á ni, àbí ẹ fẹ́ máa fi í gbálẹ̀?”

Mo fi lọ Gertrude náà nígbà tí a pàdé lórí àtẹ̀gùn.

“Háà, ẹ̀gbọ́n, ẹ gé e jàre! Gíga yẹn ló ń sọ yín di àgbàlagbà. Tó bá ti wálẹ̀, ẹ ó kàn dà bí ọmọ ọgbọ̀n ọdún.”

Kò sí ẹni tó gbà mí níyànjú pẹ̀lú ìfẹ́ tó tó bẹ́ẹ̀ rí. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Síbẹ̀, mi ò kì í ṣe nǹkan láìwọ̀n ọ́n. Mo mú téèpù, mo lọ wọn gbogbo bọ́ńpù tí wọ́n mọ sójú títì láti Ìpọ̀nrí dé Yaba ní àárọ̀ Sọ́ńdè méjì. Fọkanáísà kan gbé bẹ́ǹṣì wá fún mi.

“Ọ̀gá ìjọba, ẹ jókòó wọ̀n ọ́n,” ó ní. “Ẹ bá wa kọ ọ́ síbẹ̀ pé gọ́tà yìí ti dí.”

Mo ní èmi kì í ṣe ìjọba.

“Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn tó wó ṣọ́ọ̀bù mi ṣe sọ.”

Nítorí àlàáfíà, mo kọ ọ̀rọ̀ gọ́tà náà sílẹ̀. Bọ́ńpù mẹ́tàdínlógún ni mo kà. Èyí tó ga jù jẹ́ íǹṣì mẹ́fà. Mo wá ní kí Tìrìmísíyù fi íǹṣì mẹ́fà àti ààbọ̀ sílẹ̀ lábẹ́ mọ́tò.

“Ẹ̀gbọ́n, télọ̀ lẹ ń wá,” ó ní. “Mẹkáníìkì ni mí.”

Ṣùgbọ́n ó gé e, mo sì tún un wọ̀n: íǹṣì mẹ́fà àti ààbọ̀ géérégé. Mo gba orí gbogbo bọ́ńpù wọ̀nyí kọjá, kò sí èyí tó fara kan mí. Ní Ojúẹlẹ́gbà, ọ̀dọ́kùnrin kan na àtàǹpàkò sí mi. Mo gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ẹni tó ti mọ́ lára.

Mo dé ẹnu géètì wa. Ìdènà sìmẹ́ńtì kan wà níbẹ̀ tí wọ́n mọ dábùú ẹnu ọ̀nà kí omi òjò má bàa wọlé láti títì. Mi ò wọ̀n ọ́n. Lójú tèmi, bọ́ńpù kọ́ ni. Ara ilé ni. Táyà iwájú kọjá, ikùn mọ́tò sì jókòó lé e gbì. Ó di èèyàn mẹ́rin kí wọ́n tó tì í padà sí títì. Gertrude wà lára wọn, ó sì tì í dáadáa.

Bàbá Àkàngbé jáde.

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jẹ́ ká gé íǹṣì méjì péré kúrò lórí sìmẹ́ńtì yìí.”

“O gé mọ́tò tán, ó wá ku ilé mi?”

“Màá tún un ṣe dáadáa, sà.”

“Ta ló dọ̀bálẹ̀ níwájú mi lọ́dún 2011 pé kí n fi búlọ́ọ̀kù kan lé e?”

Èmi ni. Ní oṣù keje ọdún náà, omi wọ yàrá mi dé orúnkún, ó sì ba ìwé ẹ̀rí tí mo fi ọdún mẹ́ta lọ ilé-ẹ̀kọ́ alẹ́ gbà jẹ́. Orí mi ni mo fi ru sìmẹ́ńtì búlọ́ọ̀kù náà.

Ní Sọ́ńdè, mo to pákó sẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì ìdènà náà. Iwájú mọ́tò gùn ún, ìdí rẹ̀ há. Ní Mọ́ńdè, mo padà sọ́dọ̀ Tìrìmísíyù pé kó bá mi wá sípíríǹgì mìíràn. Ó wá a dé Ládípọ̀, ọjà tí wọ́n ti ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò. Èyí tó rí ní Wẹ́sìdeè gbé ẹ̀gbẹ́ kan ga ju èkejì lọ, ó sì tún yọ ọ́. Ní Fúráìdeè, òru tó kù di ẹyọ kan. Mo gbé mọ́tò dé ìdènà, mo ti imú rẹ̀ wọ inú ọgbà, mo fi ìdí rẹ̀ sílẹ̀ ní títì, mo sì lọ bẹ Bàbá Àkàngbé pé kó kà á sí pé ó sùn nílé.

Ó wo mọ́tò, ó wo èmi.

“Bàbá Ọlọ́runfúnmi, bí o bá na orí sínú yàrá, tí o fi ìdí sílẹ̀ ní títì, ṣé Ìyá Ọlọ́runfúnmi á sọ pé o sùn nílé?”

“Géètì gan-an ò ṣeé tì,” Gertrude sọ láti òkè. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ má jẹ́ kí olè kó gbogbo wa.”

Mo gbé e padà sí títì.

Ní àárọ̀ Sátidé, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, Gertrude ká tapólì, ó gbé mọ́tò rẹ̀ wọlé. Ó kí mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ní Mọ́ńdè, Tìrìmísíyù rí sípíríǹgì tó bá a mu, mọ́tò mi sì ga padà bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Ó lè gun ìdènà náà láìfara kàn án, ṣùgbọ́n kò sí ibi tí yóò dúró sí nínú ọgbà mọ́. Mo pàdánù àyè tí mo fi ọdún mẹ́ta àti oṣù méjì dúró dè.