Igi Fúrúùtù Ojúlé Kẹsàn-án

Kò sí ẹni tó mọ ọjọ́ tí wọ́n gbin igi fúrúùtù tó wà níwájú ojúlé kẹsàn-án ní àdúgbò kan ní Bódìjà, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí kò ní ọ̀rọ̀ sọ nípa rẹ̀. Ràfátù tó ń ránṣọ lábẹ́ rẹ̀ ní bí kò bá sí òjìji igi náà, oòrùn ì bá ti lé òun lọ tipẹ́. Ọ̀gbẹ́ni Oyèkànmí, alága ẹgbẹ́ lánlọ́ọ̀dù, ní ewé rẹ̀ ló ń dí gọ́tà tí omi fi ń ya wọlé àwọn èèyàn, pé àdán ti fi ṣe ilé, àti pé ẹ̀ka rẹ̀ ti wọ àárín wáyà iná. Òótọ́ ni àwọn méjèèjì ń sọ. Ìyẹn gan-an ló mú ọ̀rọ̀ náà le.

Fọláwùmí ló ni ojúlé kẹsàn-án. Tíṣà ni kó tó fẹ̀yìn tì, opó sì ni. Ó bá àwọn lánlọ́ọ̀dù jiyàn nínú ìpàdé títí wọ́n fi gbà pé bí ó bá rí ẹni tó máa gé àwọn ẹ̀ka tó kan wáyà kó tó di Sátidé, àwọn á fi igi náà sílẹ̀. Bí kò bá rí, wọ́n á gé e lulẹ̀.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni Sùlàímọ́nù agégi tó yọjú pẹ̀lú ayùn oníẹ́ńjìnnì rẹ̀. Ó béèrè bóyá wọ́n ti yọ fíúsì ní tiransifọ́mà kí iná má bàa dé orí wáyà. Kabir, oníṣẹ́ iná tó yẹ kó wá yọ ọ́, kò tí ì dé. Sùlàímọ́nù ní òun lè dúró, ṣùgbọ́n bí ó bá di àkókò ìrun, ó di Mọ́ńdè nìyẹn.

Mọ́ńdè kọ́ ni Fọláwùmí ń wá. "Ọjọ́ karùn-ún rèé tí a ti rí iná gbẹ̀yìn," ni ó wí. "Kò ní wá lónìí. Gùn ún, ọmọ mi."

Obìnrin tó fi ọgbọ̀n ọdún bá àwọn ọmọ wí nítorí ìdáhùn tí wọn kò ní ẹ̀rí rẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀.

Sùlàímọ́nù rẹ́rìn-ín. "Mọ́mì, ìyàwó mi ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ o. Bí iná bá gbé mi, ẹ̀yin lẹ máa máa wẹ ọmọ." Ó so okùn mọ́ ìbàdí, ó sì gùn ún.

Kò tó ogún ìṣẹ́jú tó fi dé àárín wáyà. Ẹ̀ka tó tóbi jù ti ya dé ìdajì, ó sì fara ti wáyà. Ìgbà náà ni jẹnẹrétọ̀ kan dákẹ́ ní ìsàlẹ̀ àdúgbò. Òmíràn tẹ̀ lé e. Àwọn ọmọdé hó yèè. Fọláwùmí gbójú sókè wo Sùlàímọ́nù. Iná ti dé ìsàlẹ̀, bó bá sì ti dé ibẹ̀, kì í pẹ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ tiwọn.

Ó pariwo. Ariwo ayùn gbé ohùn rẹ̀ mì. Ràfátù náà pariwo títí, asán ni. Ràfátù nawọ́ sí okùn tí ọkùnrin náà fi ń sọ ẹ̀ka kalẹ̀, Fọláwùmí gbá ọwọ́ rẹ̀ dànù: bí wọ́n bá fà á tó ré bọ́ pẹ̀lú ayùn lọ́wọ́ ńkọ́? Ó bẹ̀rẹ̀, ó ṣa fúrúùtù tó jábọ́ sílẹ̀, ó jù ú sókè. Kò débẹ̀. Èkejì ba wáyà, ó dijú. Ẹ̀kẹta ba Sùlàímọ́nù lọ́rùn.

Ó pa ayùn. "Mọ́mì, ṣé eré là ń ṣe ni?"

"Iná ń bọ̀," ni Fọláwùmí wí. "Sọ̀kalẹ̀."

Okùn ìbàdí Sùlàímọ́nù ti lọ́ mọ́ ẹ̀ka, ìka rẹ̀ sì ń yọ̀ lára kókó. Fọláwùmí ń wo àwọn ìka náà. Ó fẹ́ gbàdúrà, kò rí ọ̀rọ̀ kankan ju "jọ̀ọ́" lọ. Kókó tú. Ọkùnrin náà yọ̀ wálẹ̀ lára igi, awọ apá rẹ̀ bó, ó fò sílẹ̀, ó sá kọjá sí òdìkejì títì. Kò tí ì dúró tí wáyà fi dún. Ẹ̀ka tó fara tì í ta iná pàrà, òórùn ewé jíjó sì gba gbogbo ojú ọ̀nà.

Sùlàímọ́nù jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ràfátù gbé omi fún un, ó dà á sí apá rẹ̀ tó bó. Kò bá Fọláwùmí wí. Ká ní ó bá a wí ni, ì bá sàn.

Obìnrin náà gba ilé Oyèkànmí lọ, ó sì sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ láìfi ọ̀kan pamọ́. Oyèkànmí ní ṣebí òun ti sọ pé igi yẹn á pa èèyàn.

"Igi kọ́," ni Fọláwùmí wí. "Èmi ni. Díẹ̀ ló kù kí n pa ọmọ ọlọ́mọ nítorí òjìji. Ohun tí ẹ bá fẹ́ fi igi ṣe, ẹ fi ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ pe àwọn oníná kí wọ́n pa iná ọ̀hún. Ẹ̀ka ṣì wà lórí wáyà, àwọn ọmọ ilé-ìwé sì ń jáde bọ̀."

Oyèkànmí tẹ fóònù. Kò sí ẹni tó gbé e. Ó tún un tẹ̀.

Fọláwùmí kò dúró gbọ́ èsì. Ó padà sí ojú ọ̀nà, ó na apá rẹ̀ méjèèjì, ó sì dúró sí àárín títì kí ọmọ ẹnikẹ́ni má bàa gba abẹ́ igi rẹ̀ kọjá.