Máàkì Tí Àbúrò Mi Ní Kí N Wá Wò

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí Akínpẹ̀lú tó kú ni ó pè mí láti Ọ̀yọ́ pé kí n wá wo máàkì òun. Mo bi í pé máàkì kí ni. Ó ní ti géèmù ni, pé irú rẹ̀ kò wáyé rí. Àbúrò mi kan ṣoṣo ni. Ó ti pé ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́ta, èmi sì ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà ní Ògbómọ̀ṣọ́. Mo sọ fún un pé ìpàdé ìgbìmọ̀ ìkọ́lé ṣọ́ọ̀ṣì wa kò jẹ́ kí n ráyè, mo sì fi kún un pé ó yẹ kí àgbàlagbà bíi tirẹ̀ ti fi géèmù sílẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní kò burú, ìgbà tí mo bá ráyè náà ni. N ò tilẹ̀ bi í pé mélòó ni máàkì ọ̀hún. N ò ráyè títí di àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan tí wọ́n pè mí pé kí n máa bọ̀ kíákíá. Nígbà tí mo fi máa dé Ọ̀yọ́, ó ti lọ.

Oṣù mẹ́jọ ni mo fi gbé ọ̀rọ̀ yẹn sínú. Mò ń gbàdúrà, mò ń jẹun, mò ń kí èèyàn, ṣùgbọ́n tí ilé bá ti dákẹ́, ohùn rẹ̀ lórí fóònù ni mò ń gbọ́ pé kò burú.

Akínpẹ̀lú kò fẹ́yàwó. Yàrá méjì nínú ilé bàbá wa ni ó ń gbé, ó sì ní ṣọ́ọ̀bù lẹ́bàá ọjà Akẹ́sàn níbi tí ó ti ń tún rédíò ṣe. Ní nǹkan bí ọdún 1990 ni ó ra ẹ̀rọ géèmù kan lọ́wọ́ òtẹ́ẹ̀lì tó ń palẹ̀ mọ́ ní Ìbàdàn. Pákó ni wọ́n fi ṣe ara rẹ̀, ó ga bíi kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ, ó ní gíláàsì lójú àti ọ̀pá kékeré kan tí èèyàn ń fọwọ́ tì síhìn-ín sọ́hùn-ún. Ọkọ̀ òfuurufú kan ni èèyàn ń wà nínú géèmù náà, tí yóò máa yìnbọn sí àwọn kòkòrò tó ń já bọ̀ láti òkè. Owó ẹyọ ni wọ́n ń jù sínú rẹ̀ kí ó tó ṣiṣẹ́. Nígbà tí owó ẹyọ pòórá lọ́wọ́ àwọn èèyàn, Akínpẹ̀lú wá wáṣà irin tó ṣe déédéé ẹnu ihò náà, ó sì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Lẹ́yìn tí gíláàsì ẹ̀rọ ọ̀hún kú pátápátá, ó gbé ọpọlọ rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ẹnì kan tó bá a kó gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà. Láti ìgbà náà, orí láápútọ́ọ̀pù ni ó ti ń gbá géèmù náà.

Láápútọ́ọ̀pù náà kò tàn mọ́ lẹ́yìn ìsìnkú. Rúùtù ìyàwó mi fi gèlè rẹ̀ kan wé e, a sì gbé e wálé sí Ògbómọ̀ṣọ́. Orí àpótí ìwé mi ló wà títí tí mo fi rí ìgboyà gbé e lọ sọ́dọ̀ Mùjídàt.

Mùjídàt ń tún kọ̀ǹpútà ṣe lọ́nà yunifásítì. Mo kọ́ ọ ní ìṣirò nígbà tó wà ní kíláàsì kejì. Ó ti di ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta báyìí. Nígbà tí mo sọ fún un pé géèmù ni mo bá wá, ó fọwọ́ bo ẹnu.

"Tíṣà, ẹ̀yin náà? Ẹ̀yin tí ẹ gba géèmù lọ́wọ́ mi ní kíláàsì, tí ẹ ní ó di ìparí táàmù? Mo ṣì ń retí ẹ̀ o, sà."

Mo ní kó má bínú. Mo wá ṣàlàyé ẹni tó ni láápútọ́ọ̀pù, àti ohun tó pè mí pé kí n wá wò. Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. Ó kí mi kú ará fẹ́ra kù, ó fa àga fún mi, kò sì fi ọ̀rọ̀ náà ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́.

Lẹ́yìn ọjọ́ méjì ni ó ránṣẹ́ sí mi. Ó ní láápútọ́ọ̀pù ti kú, ṣùgbọ́n ibi tó ń kó nǹkan pamọ́ sí ṣì ń mí díẹ̀. Nǹkan méjì ló rí kó jáde níbẹ̀. Ọ̀kan ni géèmù fúnra rẹ̀, bó ṣe wà nínú ẹ̀rọ onípákó yẹn gẹ́lẹ́. Èkejì ni fáìlì kan tó kéré ju lẹ́tà lọ, tó ń jẹ́ orúkọ kan náà pẹ̀lú géèmù. Ó rò pé inú rẹ̀ ni máàkì wà. Ohun tí kò rí ni sọ́fítíwíà tí Akínpẹ̀lú fi ń ṣí wọn, nítorí ibi tí ìyẹn wà gan-an ló ti bàjẹ́.

Ó fi sùúrù là á yé mi. Ó ní géèmù yẹn kò mọ̀ pé nǹkan kan ti yí padà. Inú pákó tó ti wà látijọ́ ló rò pé òun ṣì wà. Sọ́fítíwíà kan ní láti wà tí yóò mú kọ̀ǹpútà máa ṣe bí ẹ̀rọ àtijọ́ náà, kí géèmù tó lè jí. Irú rẹ̀ pọ̀, wọ́n sì yàtọ̀ síra wọn. A ní láti yan ọ̀kan nínú wọn.

Èyí tó kọ́kọ́ gbé wá dára lójú. Ó ní àwòrán, ó ní orin, ó to orúkọ géèmù sílẹ̀ lọ rẹrẹẹrẹ. Mùjídàt fẹ́ràn rẹ̀, ó ní ọmọdé pàápàá lè lò ó. Ṣùgbọ́n géèmù tirẹ̀ ló gbé wá fúnra rẹ̀, kò fojú kan tiwa. Nígbà tí ojú ìwé máàkì jáde, iye tí àwọn tó ṣe géèmù náà kọ síbẹ̀ láti ilé iṣẹ́ ni a rí: ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá, ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án, ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ, ó ń sọ̀ kalẹ̀ bí àtẹ̀gùn. Mo ní kò sí ẹni tó gba máàkì yẹn rí.

Èkejì kò lẹ́wà, àmọ́ Mùjídàt ní òun ni àwọn tó mọ̀ nípa géèmù àtijọ́ fọkàn tán jù. Ó gbé èyí tó jáde kẹ́yìn wá. Ìyẹn kọ géèmù wa, ó ní àwọn apá kan kò pé. Mo rò pé láápútọ́ọ̀pù ló ti bà á jẹ́. Mùjídàt ní rárá, pé bí ọdún ṣe ń gorí ọdún ni àwọn tó ń ṣe sọ́fítíwíà náà ń rí àṣìṣe tí wọ́n ń tún ṣe, tí wọ́n sì ń tún géèmù pín lọ́nà mìíràn. Ẹ̀yà ọdún yìí kò mọ ohun tí ẹ̀yà àtijọ́ tò. Ó bi mí bóyá kí òun wá géèmù náà tuntun. Mo ní ti Akínpẹ̀lú ni mo fẹ́.

Ó wá béèrè ọdún tí àbúrò mi kó ọpọlọ ẹ̀rọ náà sínú kọ̀ǹpútà. Mo rántí pé ọdún tí a sin ìyá wa ni, nítorí ariwo géèmù náà bí mi nínú nígbà tí àlejò kún ilé. Ọdún 2006. Mùjídàt ní kí n lọ sinmi, pé òun yóò wá ẹ̀yà ọdún yẹn kàn.

Ọjọ́ Jímọ́, lẹ́yìn tó kírun tán, ló ní kí n máa bọ̀, kí n sì gbé kọ̀ǹpútà kékeré ilé wa dání. Ó ti rí i. Ojú dúdú kan báyìí ni, pẹ̀lú lẹ́tà funfun, kò ní àwòrán kankan. Ó fi géèmù wa sínú rẹ̀, ó fi fáìlì kékeré náà síbi tó yẹ, ó tẹ bọ́tìnnì kan. Ìró tí mo ti gbọ́ láàárín àlejò ní ọdún 2006 jáde, mo sì di etí àga mú. Ọkọ̀ òfuurufú náà fò kọjá. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ojú ìwé máàkì yọ, ìlà mẹ́wàá, lẹ́tà mẹ́ta mẹ́ta níwájú iye kọ̀ọ̀kan, nítorí lẹ́tà mẹ́ta péré ni géèmù náà ń gbà fún orúkọ.

Mo wá AKI. Mo wá AKP. Mo wá PEL. Kò sí. ADU ló wà lókè pátápátá, òun ló tún wà níkejì, òun ló wà títí dé ìkeje. SUN àti KAM ló pín ìyókù.

Mo tún un wò lẹ́ẹ̀mejì. Mo rò pé ọmọ aládùúgbò kan ni, Àdùkẹ́ tàbí Àdùnní, tó ń wọlé wá gbá géèmù lọ́dọ̀ rẹ̀. Àbúrò mi kò sí nínú ohun tó ní kí n wá wò. Bóyá ó ti pa rẹ́. Bóyá kò tilẹ̀ sí níbẹ̀ rí, tí ó kàn ń wá ohun tí yóò mú mi wá sí Ọ̀yọ́. Èyí tó kẹ́yìn yìí ni kò jẹ́ kí n lè jókòó síbẹ̀ mọ́. Mo sọ fún Mùjídàt pé kó fi èyí tó lẹ́wà sínú kọ̀ǹpútà ilé wa fún àwọn ọmọ-ọmọ mi, kó sì pa gbogbo ìyókù rẹ́, níbi gbogbo tó bá kó wọn sí.

Ó ní, "Tíṣà, ẹ jẹ́ kó di ọ̀la."

Mo ní kó pa á rẹ́. Kò fẹ́, ṣùgbọ́n èmi ni tíṣà rẹ̀. Ó mú ọwọ́ lọ sórí máòsì.

Ibẹ̀ ni Rúùtù wọlé sí. Ó ti Ọjà Igbó bọ̀ nínú kẹ̀kẹ́, pẹ̀lú àpò àlùbọ́sà lọ́wọ́, pé ká jọ máa lọ sílé. Ó kí Mùjídàt, ó sì gbójú sókè wo kọ̀ǹpútà. Ó rọra gbé àpò náà sílẹ̀.

"Ọkọ mi nìyẹn," ó wí.

Mùjídàt wo kọ̀ǹpútà, ó wò mí, ó tún wo kọ̀ǹpútà.

Nígbà tí Rúùtù wọ ilé wa lọ́dún 1993, kò lè pe ọmọ ilé kankan lórúkọ, bí ìyàwó ilé kankan kò ti lè ṣe é. Ó sọ olúkúlùkù wọn lórúkọ tirẹ̀. Akínpẹ̀lú dúdú, ara rẹ̀ a sì máa dán bí ìgbà tí wọ́n fi epo pa á, ni Rúùtù bá sọ ọ́ ní Adúmáadán. Gbogbo ìgbà tí ó bá bu oúnjẹ dè é, gbogbo ìgbà tí ó bá pè é lórí fóònù, orúkọ yẹn ni. Mo gbọ́ ọ nínú ilé mi títí etí mi kò fi gbọ́ ọ mọ́, bí èèyàn kì í ti í gbọ́ aago ara ògiri.

Mo bi í pé kí ló dé tí Akínpẹ̀lú kò fi kọ orúkọ tí bàbá wa sọ ọ́.

Rúùtù yíjú sí mi. "Bàbá Ànúolúwa," ó wí, "ta ló tún ń pè é ní Akínpẹ̀lú lẹ́yìn yín? Tí ẹ bá sì ti pè é bẹ́ẹ̀, ìbáwí ló máa ń tẹ̀ lé e."

Òótọ́ ni. Ó dùn mí, ṣùgbọ́n ìrora rẹ̀ kò rí bíi ti oṣù mẹ́jọ yẹn. Ó dà bí ìgbà tí wọ́n yọ ẹ̀gún lẹ́sẹ̀ èèyàn. Mùjídàt ti ká ọwọ́ kúrò lórí máòsì láìjẹ́ pé ẹnì kankan sọ fún un.

Ojú ìwé náà ti lọ, ọkọ̀ òfuurufú ló tún ń fò. A dúró, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí ó tún yí padà dé. Nígbà tó dé, mo dìde dúró, mo sì kà á síta bí mo ṣe máa ń ka máàkì ní kíláàsì, orúkọ ṣáájú, iye tẹ̀ lé e.

"Adúmáadán. 612,450."

Rúùtù fi etí ìborùn nu ojú rẹ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Ó bi Mùjídàt bóyá iye yẹn pọ̀. Mùjídàt ní òun ti wò ó lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, pé ẹni tó bá ní ìdajì rẹ̀ á máa yangàn. Ó wá bi mí èwo ni kí òun fi sínú kọ̀ǹpútà ilé wa nínú àwọn sọ́fítíwíà náà. Mo ní èyí tí kò lẹ́wà yẹn, kó má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ ọ́ di tuntun láé.

Nígbà tí à ń lọ sílé, mo ní kí oníkẹ̀kẹ́ dúró níbi tí wọ́n ti ń sun àgbàdo. Mo jẹ odindi méjì tán kí a tó dé ẹnu ọ̀nà wa. Rúùtù gbé kọ̀ǹpútà náà lé itan, ó ń wò mí. Ó ti pẹ́ tí ebi ti pa mí báyìí kẹ́yìn.